Ata Màmá, àti Ọlọ Tó Wà Lódìkejì Títì

Ní ìsìn ìdágbére Màmá, ẹnìkan dìde, ó ka ìtàn ìgbésí ayé wọn sí etí gbogbo ìjọ. Ó ka ọjọ́ ìbí, ó ka ilé ìwé, ó ka ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó àti orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Ó ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, oníwà tútù, tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá Rúkà, aládùúgbò wa tí ilé wọn kọjú sí tiwa, jókòó sí àga ẹ̀yìn pátápátá, wọ́n gbé fìlà wọn lé itan, wọ́n sì ti fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni omi ń dà lójú mi.

Kò sí ata nínú ìtàn tí wọ́n kà yẹn. Kò sí rọ́bà péǹtì kan báyìí níbẹ̀, kò sí ọlọ, kò sí ìjà. Ta wá ni wọ́n ń sin? Ìyá tí mo mọ̀ kì í ṣe oníwà tútù rárá. Olóríkunkun ni wọ́n, mo sì fẹ́ràn wọn bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí, kí ibì kan lè wà tí a ti máa rí ata nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Màmá ni ìyá tó bí bàbá mi. Aránṣọ ni wọ́n. Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ọkọ wọn ti mú wọn wá sí Ìkòsì nígbà tí igbó ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n sì wà títí ojú wọn fi kọ̀ tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo sì dúró sí nígbà tí mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Kétu.

Ilé wa kò jìnnà sí ọjà Mile 12. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti apá ibẹ̀ láàárọ̀, òórùn ata àti tòmátì ni yóò kọ́kọ́ jí yín. Gbogbo Èkó ló ń wá ra ata ládùúgbò wa, láti Ajah títí dé Badagry. Màmá wá ń gbé nítòsí gbogbo ata yìí, wọ́n sì tún ń gbin tiwọn sínú rọ́bà péǹtì, lórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé, níbi tí kò sí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Daddy Ògùdù nítorí GRA ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, kì í yé sọ̀rọ̀ sí i.

"Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀yìnkùlé Mile 12! A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́ o."

Màmá kò ní wo ojú wọn. Wọ́n á máa fi ọwọ́ tú erùpẹ̀ ìdí ata lọ. "Díran, ata Mile 12, ata ta ni?"

"Ata ẹni tó bá rà á ni now."

"Ẹn-ẹ́n. Èmi ń gbin ata tó mọ̀ mí."

Daddy Ògùdù yóò kàn mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn, wọ́n á máa mi orí lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ata yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀ nìkan. Nítorí ọlọ kan ni. Ìyá tó bí Màmá ló gbé ọlọ náà wá fún wọn láti ìlú nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí, ọlọ dúdú, tó ti jẹ gbùn-ún láàárín nítorí lílọ̀. Nínú gbogbo ohun tí ìyá wọn ní láyé, ọlọ yìí nìkan ló kù lọ́wọ́ wọn, òun àti kóró ata wẹ́wẹ́ tí ìyá náà wé sínú ewé gbígbẹ tó fi lé e. Ọdọọdún ni Màmá ń gbin kóró yẹn, tí wọ́n sì ń gba òmíràn sílẹ̀ lára èso rẹ̀.

Bí ọlọ ṣe kúrò nílé wa nìyí. Àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa ń ṣèpàdé nínú ọgbà Bàbá Rúkà. Ọmọ onílẹ̀ ni Bàbá Rúkà, àlàájì ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ló dá Ìkòsì sílẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n gbé jọ̀lọ́ọ̀fù jáde. Bàbá Rúkà jẹ ẹ́, wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n ní ata ayé òde òní kò ta mọ́, pé ata rodo ẹ̀yìnkùlé àwọn nìkan ló kù tó ń jẹ́ ata ní gbogbo Kosọfẹ́. Màmá gbé ṣíbí wọn kalẹ̀.

"Àlàájì, ṣé ẹ ti jẹ ata wẹ́wẹ́ tèmi rí?"

"Èyí tó rí bí èékánná ọmọ tuntun yẹn, Ìyá Díran? Ata nìyẹn?"

"Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Gbogbo ìpàdé pariwo. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti dá ìdíje sílẹ̀: kí oníkálukú gbé igi ata rẹ̀ wá nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí ẹni tí kì í ṣe ará àdúgbò wò ó, kí ó tọ́ ọ wò, kí ó sọ ẹni tó borí. Igi gbọ́dọ̀ dáa, ata náà gbọ́dọ̀ ta. Bàbá Rúkà fi àga rọ̀gbọ̀kú wọn ta. Màmá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n, fi ọlọ ìyá wọn ta. Wọ́n dá ara wọn lójú débi pé wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa gbé àga rọ̀gbọ̀kú sí.

Wọ́n sì pàdánù. Ata rodo Bàbá Rúkà pupa yòò, ó kún igi. Ti Màmá ṣì tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Bàbá Rúkà dé láti gbé ọlọ, Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ọlọ, òkúta kékeré tí a fi ń lọ̀ ọ́, wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì jù ú sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀ wọ́n títí. Bàbá Rúkà fúnra wọn kọjá títì wá.

"Ìyá Díran, ọlọ wo ló ń lọ̀ láìní ọmọ?"

"Ìyá ọlọ ni mo fi ta, Àlàájì. Ta ló dárúkọ ọmọ?"

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ọlọ ti wà ní faranda Bàbá Rúkà, tí ọmọ ọlọ wà lójú wíńdò wa. Ilé méjèèjì kò rí ata lọ̀. Màmá wá ń lo bílẹ́ńdà, wọ́n á máa bú u bó bá ti ń hó. Bàbá Rúkà ní tiwọn ń fọ ìyá ọlọ ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, wọ́n á sì fi aṣọ nù ún. Ìdíje di ti gbogbo àdúgbò lọ́dọọdún, ẹni tó bá ti borí ni ìyá ọlọ ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́dún kan ó lọ sílé Mummy Fúnkẹ́ ní ìparí àdúgbò, ó tún padà sí ti Bàbá Rúkà. Kò délé wa rí.

Ẹ má ṣe rò pé ìkà èèyàn ni Bàbá Rúkà o. Àìmọye ìgbà ni wọ́n fẹ́ dá a padà. Mo rántí Iléyá kan tí wọ́n fúnra wọn gbé ẹran wá fún wa. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ ìyàwó.

"Ìyá Díran, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé ọlọ yìí wálé. Eré la ń ṣe. Ohun tí ìyá yín fún yín ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Màmá gba abọ́ ẹran. "Ẹ ṣeun, Àlàájì. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ ó ṣe púpọ̀ ọdún láyé. Ẹran yìí, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọlọ ńkọ́? Ohun tí mo fi ata sọnù, ata ni màá fi gbà á padà."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ da ẹran sínú ìkòkò. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Èmi náà gbìyànjú tèmi. Mo mọ ohun tó ń fa ìpàdánù wọn: ata wẹ́wẹ́ yìí máa ń pẹ́ kó tó pọ́n. Bí ọjọ́ ìdíje bá fi máa pé, ti àwọn tó gbin rodo àti ṣọ̀mbọ̀ ti pupa tán, ti Màmá á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yí àwọ̀ padà. Mo ní kí wọ́n gbin rodo lọ́dún kan péré, kí wọ́n gba ọlọ, kí wọ́n tó padà sí ata wẹ́wẹ́ wọn. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni pé oníbàárà tó gbé aṣọ tí kò tó wá ni mí.

"Àdùkẹ́," wọ́n ní, "ṣé kí n wá fi ata Àlàájì gba ọlọ ìyá mi?"

Ẹ ò bá rí wọn láàárọ̀. Bí wọ́n bá ti gbàdúrà tán, wọ́n á so gíláàsì ojú wọn mọ́ ọrùn, wọ́n á sì gbé téèpù aránṣọ kọ́ èjìká. Wọ́n á lọ máa wọn ata lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wọn gíga rẹ̀, wọ́n á wé téèpù mọ́ ìdí rẹ̀ bí ẹni ń wọn ìdí oníbàárà, wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀. "Ìdí ẹ ń fẹ̀, o ṣeun, ọmọ dáadáa." Wọ́n á dé ọ̀dọ̀ èyí tó ń fà sẹ́yìn. "Ìwọ ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́? Oúnjẹ tí mo fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ náà ni mo fún ọ o." Ègé aṣọ àǹkárá tó kù lára aṣọ àwọn oníbàárà wọn àtijọ́ ni wọ́n fi ń so ata mọ́ igi kó má baà wó. Ata pupa, ata ewéko, aláǹkárá gbogbo. Àwọn tó ń kọjá á dúró wò ó.

Omi tí a fi ṣan ìrẹsì ni wọ́n ń bù sí i. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbẹ dáadáa ni ajílẹ̀ wọn. Lọ́dún kan, ẹnìkan sọ fún wọn pé omi tí a fi fọ ẹja ń mú ata so. Wọ́n dà á sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ológbò Ìkòsì ti gbọ́ ìròyìn. Wọ́n tú erùpẹ̀ ká gbogbo iwájú ilé, wọ́n fa ata tu, gbòǹgbò kọjú sókè. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, mo sì figbe ta. Màmá jáde, wọ́n wò ó. Wọ́n kó erùpẹ̀ jọ, wọ́n tún ata gbìn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n da omi tútù sí i. Wọ́n wá gbé àpótí jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Mo ní kí wọ́n wọlé wá jẹun, mo ní ológbò lásán ni.

"Ológbò ò mọ̀ pé ìdíje wà," ni ohun tí wọ́n sọ fún mi. "Èmi mọ̀."

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìjà, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó gbóná jù. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi ata lé ara wa lọ́wọ́. Bí mo bá fẹ́ fún ọ ní ata, màá gbé e kalẹ̀, ìwọ á sì mú un. Ata tó bá ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ìjà ló ń dá sílẹ̀ láàárín wọn. Mùsùlùmí wa gbà bẹ́ẹ̀, onígbàgbọ́ wa gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì sọ pé òun ò gbà á náà kì í dán an wò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gbé àwo sílẹ̀ níbi ìdíje, kí Malam Ìdí, tó ń ta ata ní Mile 12, tó sì jẹ́ onídàájọ́ wa, lè máa ti inú rẹ̀ mú ata jẹ.

Lọ́dún tí ìjà náà ṣẹlẹ̀, òjò pẹ́ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sún ìdíje síwájú, ata Màmá sì pọ́n. Ó pọ́n dáadáa! Gbogbo èèyàn ló ń wo ojú wọn, orí Màmá sì wú. Bí Malam Ìdí ti ń jẹ ata lọ́wọ́, inú Màmá dùn débi pé wọ́n já ata kan lára igi wọn, wọ́n sì fi lé Bàbá Rúkà lọ́wọ́ gbansasa.

"Ẹ gbà, Àlàájì, ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ ata!"

Bàbá Rúkà ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn bí ẹni tí ejò bà lé. Mummy Fúnkẹ́ ní, "Jésù!" Ata ti bọ́ sí ọwọ́, kò ṣe é dá padà.

Ìjà náà kò pẹ́ kó tó dé. Malam Ìdí ní ata Màmá dára, ṣùgbọ́n ti Bàbá Rúkà ló borí, nítorí ewé igi Màmá ti rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá ní agbádá ni Malam ń wò, kì í ṣe ata. Bàbá Rúkà ní Màmá kò mọ bí a ṣe ń pàdánù. Màmá ní àwọn kò kọ́ ọ, àwọn kò sì ní kọ́ ọ. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi tún dé, Bàbá Rúkà á jáde láàárọ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá wọn, Màmá á jáde pẹ̀lú téèpù wọn, ẹni méjèèjì á wúkọ́, wọ́n á sì yíjú.

Ohun tó parí rẹ̀ nìyí. Odò Ògùn kún, omi ya wọ Ajégúnlẹ̀ tó sún mọ́ wa, níbi tí Rúkà, àkọ́bí Bàbá Rúkà, ń gbé pẹ̀lú ọkọ àtàwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo ilé Bàbá Rúkà ló lọ síbẹ̀ láti bá wọn kó ẹrù jáde. Nígbà tí wọn ò sí nílé, ìjì jà. Ata wọn ẹ̀yìnkùlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá rí i láti ojú wíńdò òkè. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé àgbòjò, wọ́n gbé àpò ègé aṣọ wọn, wọ́n ní kí n mú igi wá. A kọjá títì nínú omi tó dé kókósẹ̀. Ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n nígbà yẹn, síbẹ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n gbé igi ata náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi àǹkárá so ó mọ́ igi.

Nígbà tí Bàbá Rúkà dé, tí wọ́n rí ata wọn nínú àǹkárá, wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ẹrẹ̀ Ajégúnlẹ̀ ṣì wà ní ṣòkòtò wọn.

"Ìyá Díran, ta ló ní kí ẹ ṣe é?"

"Ẹ kú ewu omi. Ṣé Rúkà àtàwọn ọmọ wà dáadáa?"

"Wọ́n wà dáadáa, alhamdulillahi. Mo ní ta ló ní kí ẹ ṣe é?"

Màmá wò wọ́n lójú. "Tí tiyín bá kú, ta ni màá gba ọlọ mi lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo ti rò ó síwá-sẹ́yìn lẹ́yìn ikú wọn. Bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ Màmá, ọjọ́ yẹn ni màá mú, tí wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tí wọ́n ń gbé ata ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣẹ́gun dìde.

Lọ́dún tó kẹ́yìn ayé wọn, dókítà ní ọkàn wọn ti rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì ń wú. Daddy Ògùdù dé pẹ̀lú mọ́tò, wọ́n ti tún yàrá kan ṣe, wọ́n ti rí nọ́ọ̀sì tí yóò máa wá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sinmi. Jẹnẹrétọ̀ wà, ẹ́síì wà. Kí ló tún kù?"

"Oòrùn ńkọ́? Iwájú ilé ẹ, ibòji ni gbogbo ẹ̀. Ata mi ò mọ ẹ́síì."

"Ata, Màmá? Ẹ̀mí yín là ń sọ!"

"Ẹ̀mí tí ò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni, Díran."

Daddy Ògùdù sunkún lọ́jọ́ náà, mo rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Wọn ò mú Màmá lọ, nítorí kò sí ẹni tó lè mú Màmá lọ síbi tí Màmá ò fẹ́.

Nínú ọyẹ́ ni wọ́n ti gbin kóró lọ́dún náà, kí ata lè pọ́n kó tó di ọjọ́ ìdíje. Wọn ò gbin ju rọ́bà kan lọ, wọ́n ní gbogbo agbára tó kù lára àwọn, orí ẹyọ kan yìí ni àwọn máa ná an lé. Nígbà tí wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, wọ́n ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo ń bá wọn wé téèpù mọ́ ìdí ata, màá máa pe iye rẹ̀ sókè kí wọ́n lè gbọ́. Wọ́n á ní kí n tún un wọ̀n. Igi náà dára! Ó yọ ẹ̀ka, ó tanná, ó so wọ̀ǹtìwọnti. Ní àárọ̀ kan, mo ṣọkàn akin, mo béèrè ohun tó ti wà nínú mi tipẹ́.

"Màmá, tí ó bá wá rẹ̀ yín lọ́jọ́ ìdíje ńkọ́, tí ẹ ò lè lọ?"

Wọ́n mọ ohun tí mò ń bi wọ́n. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ata ò ní béèrè ẹni tó gbé e lọ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n lọ, lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn kọ sí títì. Ata ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ni. Ó dùn mí dọ́kàn, ó ṣì ń dùn mí.

Àwọn obìnrin ẹbí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì rọ́ wá sílé wa láti dáná fún àwọn tó ń wá kí wa. Iwájú ilé ni wọ́n ti ń fọ abọ́, wọ́n rí rọ́bà tó ní erùpẹ̀ nínú, wọ́n sì ń da omi ọlọ́ṣẹ sínú rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà máa yọ̀. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí a sìnkú tán tí àlejò túká, mo jáde, mo sì rí i pé ewé ata Màmá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń já bọ́ sílẹ̀. Mo ké ju bí mo ṣe ké nílé òkú lọ. Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ bàtà. Mo bu erùpẹ̀ òkè kúrò, mo da omi tó mọ́ sí i, mo jẹ́ kó ṣàn jáde, mo tún dà á. Mo fi erùpẹ̀ tuntun sí i, mo sì wé àǹkárá mọ́ ọn. Ní gbogbo àárọ̀ kí n tó lọ ibiṣẹ́, mo ń wọ̀n ọ́n. Àwọn ata tó kù lórí rẹ̀ ń pọ́n lọ, ṣùgbọ́n ewé kò fi bẹ́ẹ̀ padà.

Bàbá Rúkà ní kí wọ́n má ṣe ìdíje lọ́dún yìí, nítorí Màmá. Mo ní rárá, nítorí Màmá ni kí wọ́n ṣe é.

Mo gbé rọ́bà náà kọjá títì fúnra mi. Gbogbo àdúgbò wà níbẹ̀, Daddy Ògùdù náà wá. Malam Ìdí wo ata gbogbo èèyàn, ó jẹ nínú ti oníkálukú. Nígbà tó kan ti Màmá, ó mú ọ̀kan láti inú àwo, ó jẹ ẹ́. Ó dúró. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó mi kanlẹ̀, ó jókòó sílẹ̀.

"Kai! Ata Màmá yìí, wallahi, ó ta ju ti gbogbo yín lọ." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Àmọ́ igi rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ẹ̀yin lẹ ní kí n wo igi, kí n wo ata. Tí mo bá purọ́, Màmá á bínú sí mi. Àlàájì ló gbà á."

Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Bàbá Rúkà dìde, wọ́n sọ̀rọ̀ sí àwọn ọmọ wọn létí, àwọn yẹn sì gbé ìyá ọlọ jáde láti faranda, wọ́n gbé e kalẹ̀ síwájú mi.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni Bàbá Rúkà wí. "Àdùkẹ́, gbé ọlọ ìyá yín lọ sílé. Olóhun ti lọ. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá pàtẹ́wọ́. Mummy Fúnkẹ́ ń sunkún. Daddy Ògùdù ti ń lọ ṣí búùtù mọ́tò. Mo wo ọlọ náà, mo rí ibi tó ti jẹ gbùn-ún láàárín, níbi tí ọwọ́ ìyá Màmá àti ọwọ́ Màmá ti kọjá. Mo fẹ́ ẹ. Kò sí ohun tí mo fẹ́ tó o lọ́jọ́ náà. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́. Ohun tí Màmá fi ata sọnù, ata ni a máa fi gbà á padà."

"Àdùkẹ́!" Daddy Ògùdù ni. "Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Bàbá Rúkà wò mí. Wọ́n wá rìn lọ sí ìdí igi rodo wọn, wọ́n já ata tó pupa jù lórí rẹ̀. Àwo wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn ò gbé e sínú àwo. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n la ọwọ́ mi, wọ́n sì fi ata náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n pa ìka mi dé lé e lórí. Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn wa.

"Kí ìjà má baà tán láàárín ilé wa," ni wọ́n wí.

Ata náà ti gbẹ báyìí. Ó wà lójú wíńdò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọlọ, n kò sì gbin kóró rẹ̀. Kóró Màmá ni mo gbìn, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ó sì ti hù. Ní àárọ̀ àná, mo ń fi téèpù wọ̀n ọ́n nígbà tí Bàbá Rúkà jáde pẹ̀lú kẹ́tùlù wọn. Wọ́n wúkọ́, èmi náà wúkọ́.

"Àdùkẹ́, mo rí i pé nǹkan kan ti ń yọrí níbẹ̀ yẹn o. Èékánná ọmọ tuntun."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ bá mi máa fọ ìyá ọlọ yẹn dáadáa o. Ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá mú un."